Bẹ́líìtì Kejì: Ẹni Tó Pàdánù Ló Ń Gbé E Níyì

Níbi tí àwọn ọmọ wa bá ti ń wo ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n, ní Ìjẹ̀bú-Òde o, ní Ṣágámù o, ẹnì kan á sáà béèrè pé bẹ́líìtì kékeré yẹn, ìyẹn bẹ́líìtì kejì tó wà lábẹ́ ti ọ̀gá pátápátá, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ẹ má bínú sí i. Bẹ́líìtì tí lágbájá gbà lọ́sẹ̀ yìí, tí tàmẹ̀dù tún gbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú tí à ń fi wo Ọ̀túnba kẹrìnlá ní òpópónà kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi wò ó.

Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ẹni tó ń to ìjà fi le: bẹ́líìtì kò níye lórí ju bí àwọn oníjàkadì bá ṣe ń ṣe sí i lọ. Àwọn kan á sáré lọ rọ òmíràn, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ awọ rẹ̀. Kò burú. Oníjàkadì Cody Rhodes dá awọ funfun padà sára Intercontinental, bẹ́líìtì kejì ti WWE, ilé iṣẹ́ ìjàkadì ńlá ní Amẹ́ríkà, ní 2011, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n awọ kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó jà fún un tí kò rí i gbà ni.

Ẹ wo Gunther. Ọwọ́ Ricochet ló ti gba bẹ́líìtì yẹn ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹfà 2022, kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ 6 Oṣù Kẹrin 2024. Ọjọ́ 666 nìyẹn. 454 ni ti Honky Tonk Man tó gùn jù ṣáájú rẹ̀. Iye ọjọ́ yìí ni gbogbo èèyàn ń pariwo, àmọ́ Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, ni iṣẹ́ gidi ti ṣẹlẹ̀, ní Oṣù Kẹsàn-án 2022. Sheamus ló kò ó lójú lọ́jọ́ náà: ẹni tó ti gba bẹ́líìtì ńlá rí, àmọ́ tí kò tíì gba eléyìí. Gunther ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láyà, pàà, pàà, títí àyà ọkùnrin náà fi pọ́n bí epo. Sheamus pàdánù láìsí màgòmágó, àwọn èrò sì dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹni tó ti jẹ oyè ńlá bá lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ nítorí oyè kékeré, ta ló tún máa pè é ní kékeré?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí bẹ́líìtì jókòó sọ́wọ́ ẹnì kan fún oṣù 9, ó kéré tán. Kó máa jà fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn èèyàn á gbàgbé. Bó bá jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ní pẹ́ tí kò fi ní sẹ́ni tí yóò pè é níjà mọ́. John Cena ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì United States ní 2015, ó sì dára, ṣùgbọ́n Cena ni, ìràwọ̀ ńlá. Ẹni tó bá máa pe ẹni tó ni bẹ́líìtì níjà, kó kọ́kọ́ na èèyàn méjì tó lórúkọ. Ìjà náà fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Àìsàn tó ń pa bẹ́líìtì jù nìyí: wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín ja ìjà tí kì í ṣe torí bẹ́líìtì, wọ́n á ní kó pàdánù, kí ẹni tó nà án lè rí ìdí pè é níjà lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀nà ọ̀lẹ ni. Ẹni tí wọ́n ti nà lójú gbogbo ayé, kí ni irin tó so mọ́ ìbàdí fẹ́ sọ?

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ńkọ́? Bí rẹfirí bá fagi lé ìjà nítorí èrú, bẹ́líìtì kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, Honky Tonk Man sì jẹ iṣu ìyẹn yó. Ó mú orí gbogbo èèyàn gbóná ju ọdún kan lọ. Nígbà tí Ultimate Warrior wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1988, láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 31, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ẹni tó bá máa ṣe èrú, kó mọ ọjọ́ tó máa san gbèsè náà.

Ẹ má fojú kéré bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde. Ẹni tó bá ti dúró ní Ojúde Ọba rí mọ̀ pé wọn kì í da gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ jáde pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, pẹ̀lú ìlù àti aṣọ tiwọn. Kí àwọn méjèèjì ti wà lórí ríǹgì. Kí rẹfirí gba bẹ́líìtì, kó fi han ẹni tó ń pe ọ̀gá níjà, kó gbé e sókè sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìkánjú. Kò gbọdọ̀ wọ́ ọ nílẹ̀. Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má máa sọ ti ìjà mìíràn lákòókò yẹn.

Ní Japan, Shinsuke Nakamura gbé Intercontinental ti IWGP, bẹ́líìtì kejì ti ilé iṣẹ́ ìjàkadì New Japan, ga débi pé, ní ọjọ́ 4 Oṣù Kìíní 2014, àwọn èrò fi ìbò sọ pé ìjà tirẹ̀ ni kó kẹ́yìn ní pápá ńlá Tokyo Dome, kí ti bẹ́líìtì ńlá ṣáájú. Ní 2021 wọ́n pa bẹ́líìtì méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Àṣìṣe ni lójú tiwa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ọjọ́ tí bẹ́líìtì máa bọ́. Zack Ryder gba Intercontinental ti WWE ní WrestleMania, ìjà ńlá ọdọọdún wọn, ní 2016, wọ́n gbà á padà ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ayọ̀ náà kò tiẹ̀ gbóná tán. Apollo Crews, tó sọ ara rẹ̀ di ọmọ ọba Nàìjíríà, gbà á lọ́wọ́ Big E ní 2021, ṣùgbọ́n òmìrán kan ló yọjú wá bá a ja èyí tó le níbẹ̀. Òmìrán yẹn ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bẹ́líìtì di ẹrù. Kó jẹ́ ẹni tó ti pàdánù fún ẹni tó ni bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan ni yóò gbà á, níbi ìjà tó tóbi jù lọ́dún, láìsí olùrànlọ́wọ́.

Ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi í pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá padà dé, tí òun àti ẹni tó gbé bẹ́líìtì bá pàdé lójú ọ̀nà, kó má sọ̀rọ̀. Kó wo bẹ́líìtì náà, kó wò ó pẹ́, kó tó kọjá.