Àpòlúkù ti kéré, pròtéìnì kò dín: oúnjẹ òòjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìsanra

Iṣẹ́ abẹ ìsanra, tí wọ́n fi ń dín àpòlúkù kù kí ara lè fúyẹ́, kò gba àlàyé gígùn fúnra rẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú àkọ́kọ́, dókítà á gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù kúrò pátápátá, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ti ìkejì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà Edward Mason ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ní 1966. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí, wọ́n á ya apá òkè àpòlúkù sọ́tọ̀ di àpò kékeré tó ń gba nǹkan bí 30 mílílítà, wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn tààrà. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún á padà sílé, sí Àjàṣẹ́, sí Kétu tàbí sí Sábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, pẹ̀lú ìwé oúnjẹ tó kún fún yaourt (wàrà kíkan) àti ẹran àyà adìẹ. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí ìwé náà kò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò ilé.

Èrò kan wà tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju àìmọ̀wé lọ. Tàǹtí tó wá kí aláìsàn á ní, “Ṣebí inú rẹ̀ ti kéré báyìí, ẹ fún un lógì díẹ̀, ó ti tó o.” Ìfẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ìlàjì rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Kálórì ni òótọ́ náà bá mu. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, 400 sí 800 kálórì lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ. Ní oṣù mélòó kan sí i, ó lè dé 800 sí 1,000, tó bá fi máa pé ọdún kan, ó lè tó 1,200 tàbí kó lé díẹ̀. Àgbàlagbà tí wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ fún ń jẹ nǹkan bí 2,000. Kò burú bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rá tó wà lára ni owó tí ara fi pamọ́, ohun tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ni pé kí ara máa ná an.

Pròtéìnì, èròjà amúaradàgbà, ni ìlàjì tí kì í ṣe òótọ́. Ohun tí àwọn dókítà ń béèrè fún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ó kéré tán 60 gíráàmù lóòjọ́, ọ̀pọ̀ á ní kó dé 80. Ẹ wá wò ó: ẹni tó wúwo tó kílò 75, tí ara rẹ̀ le, tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan, 0.8 gíráàmù ló yẹ kó jẹ fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà jẹ́ 60. Ohun tí ara ń béèrè kò dín rárá, àyè tí yóò gbà á ni wọ́n gé.

Ara kò sì ní àká fún pròtéìnì bó ṣe ní fún ọ̀rá. Gbogbo pròtéìnì tó wà lára ló níṣẹ́ lọ́wọ́: òun ni ẹran apá, ẹran itan, òun ni ọkàn tó ń lù, òun ló ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Tí oúnjẹ bá dín tó báyìí, ẹ̀dọ̀ á máa wá ṣúgà tí ọpọlọ máa lò, apá kan rẹ̀ ni yóò sì fi pròtéìnì ṣe. Tí kò bá rí i nínú oúnjẹ, á lọ tú u láti ara ẹran itan. Ẹni náà á gorí òṣùwọ̀n, á rí i pé òun ti fúyẹ́, inú rẹ̀ á dùn, òṣùwọ̀n kò sì lè sọ fún un bóyá ọ̀rá ló lọ tàbí ẹran ara. Ẹran ara yìí sì wà lára ohun tó ń jó kálórì kódà nígbà téèyàn bá sùn. Ẹni tó bá pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀, ara rẹ̀ á máa ná díẹ̀, oúnjẹ kékeré sì lè tún máa mú un sanra padà lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì.

Ẹ wo ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, àpòlúkù jẹ́ ọkọ̀ ńlá: gàrí wọlé, ìyán wọlé, ẹja wọlé, omi jókòó sí ẹ̀yìn, wọ́n sì tún di ẹrù sórí. Iṣẹ́ abẹ sọ ọkọ̀ yẹn di zémìjàn, ọ̀kadà akérò. Ìjókòó kan péré ló kù lẹ́yìn. Tí gàrí bá kọ́kọ́ gùn ún, pròtéìnì á dúró sí gáràjì, zémìjàn á sì ti lọ. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kó lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, kí pròtéìnì sì máa kọ́kọ́ gùn ún nínú gbogbo ìrìn náà. Omi kò gbọ́dọ̀ bá a gùn ún pọ̀. Tirẹ̀ á máa lọ láàárín ìrìn kan sí èkejì, kó dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, ní díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó lítà kan àbọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìṣirò yìí ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ gbogbo ìdílé aláìsàn, torí ó ṣeé ṣe pẹ̀lú oúnjẹ wa. Ẹ gbé abọ́ kékeré tó ń gba nǹkan bí 120 mílílítà. Tí ògì bá kún un, pròtéìnì inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù kan lọ, nítorí nígbà tí wọ́n ń sẹ́ ògì, èèpo àti ojú àgbàdo ń bá eérí lọ, wọ́n sì ń kó lára pròtéìnì rẹ̀ lọ. Abọ́ ògì mẹ́fà lóòjọ́ kò lè fún èèyàn ní 10 gíráàmù. Tí ìyán bá kún abọ́ kan náà, gíráàmù kan àbọ̀ sí méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹyin kan ní 6. Ẹja ọ̀sà tí wọ́n sè, tó tó 50 gíráàmù láìsí egungun, ní nǹkan bí 11.

Ọjọ́ kan lè rí báyìí ní oṣù kẹta. Ẹyin sísè kan láàárọ̀, òmíràn ní ìrọ̀lẹ́: 12. Ẹja lẹ́ẹ̀mejì: 22. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó tó 100 gíráàmù, tí òróró rẹ̀ kò pọ̀: bí 8. Wàgàsì, wàrà líle àwọn Fúlàní, 50 gíráàmù: bí 7. Kọ́ọ̀bù wàrà tútù kan tí wọ́n po ṣíbí ìjẹun kan wàrà oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá mọ́, tí wọ́n ń mu ní díẹ̀díẹ̀ láàárín oúnjẹ: 11. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60 gíráàmù, kálórì rẹ̀ kò sì fẹ́ ju 700 sí 800 lọ. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n ní láti fi ọkọ̀ òfuurufú kó wá. Wàgàsì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kó wá sọ́jà ní agbègbè Sábẹ̀, tí òde rẹ̀ pupa nítorí ewé ọkà bàbà tí wọ́n fi sè é, wúlò gan-an fún ẹni tí àpòlúkù rẹ̀ kò tíì le. Kí wọ́n má ṣe dín in. Kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó wọ́ọ́rọ́, títí yóò fi rọ̀ débi tí ẹ̀yìn ṣíbí lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Kí ó wá máa jẹ ẹ́ ní èékán-èékán, kó rún un kúnná kó tó gbé e mì, kí abọ́ kékeré yẹn sì gba ogún ìṣẹ́jú.

Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń jẹ gbogbo èyí o. Ohun mímu tó ṣàn ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà ohun rírọ̀, oúnjẹ líle a sì máa wọlé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sì lọ̀, ń ṣáájú ẹ̀wà tí wọ́n sè lódidi. Ẹni tí wọ́n so ìfun rẹ̀ mọ́ àpò kékeré tún ní láti ṣọ́ra fún ògì tó dùn. Ẹnu ọ̀nà tó ń dá oúnjẹ dúró nísàlẹ̀ àpòlúkù kò sí lójú ọ̀nà mọ́, nítorí náà ṣúgà á já wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, á fa omi wọlé, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Ògì tí tàǹtí fi ìfẹ́ po ṣúgà sí lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí i láàárín ìdajì wákàtí.

Ibi tí iṣẹ́ abẹ yìí ti gbọ́n jù ni ebi. Ní 1999, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kojima àti Kangawa ní Japan ṣàwárí họ́mọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ ghrelin, tí òkè àpòlúkù ń tú sẹ́jẹ̀ láti pe ebi. Nínú oríṣi àkọ́kọ́, apá tí wọ́n ń gé sọnù gan-an ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó ń pe èrò ní gáràjì ti lọ nìyẹn, ariwo ebi á rọlẹ̀, ìdí sì nìyí tí ẹni náà fi lè fara da oúnjẹ kékeré láìsí ìyà. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tí yóò pe pròtéìnì mọ́. Ó lè di ọ̀sán kí ebi má tíì pa á, kí ó sì gbà pé ara òun ti yó. Aago ni yóò máa tẹ̀ lé, kì í ṣe inú, ó kéré tán ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́.

Irun tó ń já ní oṣù kẹta sí ìkẹfà ń dẹ́rù bà àwọn obìnrin púpọ̀. Bí ara ṣe rù kíákíá lè fà á fúnra rẹ̀, ó sì máa ń hù padà. Ṣùgbọ́n bí pròtéìnì, áyọ́ọ̀nù (èròjà irin) tàbí síńkì kò bá tó, á pọ̀ jù, á sì pẹ́ jù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n tí a sọ yìí ṣe tirẹ̀, dókítà rẹ̀ ni yóò sọ iye tó tọ́ sí i. Pròtéìnì kò sì lè rọ́pò fítámì B12, áyọ́ọ̀nù, kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D, tí wọ́n ń lò títí ayé lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ báyìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn bí wọ́n bá ti dín, nígbà tí ẹni náà kò tíì mọ nǹkan kan lára.