Kí ló dé tọ́mọdé ń gba ẹ̀rọ etí méjì, tágbà ń gba ẹyọ kan?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé, bàbá mi ò gbọ́ràn mọ́ rárá, ọsibítù ní àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, àwọn á fi cochlear implant, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀ bọnú etí, sí etí kan ṣoṣo, àmọ́ ọmọ ọdún méjì tá a jọ jókòó níbẹ̀, etí méjèèjì ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí bàbá. Kì í ṣe dókítà yẹn ló dá a ṣe o, ìlànà NICE ni, àjọ tó ń sọ irú ìtọ́jú tí ọsibítù ìjọba ní England á máa ṣe, láti 2009, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 2019: ọmọdé, méjì; àgbà, ẹyọ kan, àfi tó bá jẹ́ afọ́jú tàbí tó ní àìlera míì tó jẹ́ pé etí ló gbójú lé. Owó ló fà á. Wọ́n ní àǹfààní tí etí kejì ń ṣe àgbà ò tó owó tó ń gbà. Ọmọdé ní tiẹ̀, ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn ni ọpọlọ ẹ̀ fi ń gbá ọ̀rọ̀ mú, tó bá ti kọjá, ó ṣòro kéèyàn tó rí i gbà padà.

Mo gbà pé kọ́mọdé ṣíwájú. Èyí tí mi ò gbà ni ká máa sọ pé etí kan ti tó àgbà. Ẹ pe ẹni tó ń fetí kan gbọ́ràn látẹ̀yìn ní bọ́sítọ́ọ̀pù, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún wo òdìkejì títì, kó tó mọ ibi tóhùn yín ti wá.

Ìbéèrè: Tó bá ku ẹ̀rọ ẹyọ kan ńkọ́, ta ló yẹ kó gbà á?

Ìdáhùn: Ẹni tí àrùn yírunyírun (meningitis) di etí ẹ̀. Ibi tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ̀ nínú etí, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín ni, lẹ́yìn yírunyírun egungun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó dí i pa. Àwọn tó wà lórí ìlà ṣáájú ẹ̀ ṣì lè dúró, òun ò lè dúró.

Ìbéèrè: Ẹni tí ò ní lè máa padà wá sí ọsibítù déédéé ńkọ́?

Ìdáhùn: Eléyìí ló ká mi lára jù. Lóòótọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ò tó, wọ́n á máa tún ẹ̀rọ yẹn sẹ́ẹ̀tì, ọmọ á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn, torí ẹ̀ làwọn kan fi ń ní kí wọ́n fún ìdílé tó lè tẹ̀ lé e. Ta wá ni ò lè tẹ̀ lé e? Ìyá tó ń dá tọ́mọ ni, tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru, tí wọ́n ń yọ owó ẹ̀ lọ́jọ́ tí ò bá lọ. Ẹ fún un lówó ọkọ̀, ẹ fún un lọ́jọ́ tó máa rọ̀ ọ́n lọ́rùn, kẹ́ ẹ tó ní kò ṣe tán.