Iṣẹ́ tó ń rẹ lafún, iṣẹ́ tó ń wo ìfun

Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá Ẹ̀gbá ṣe ń ṣe lafún ní Abẹ́òkúta ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, títí yóò fi kan tí yóò sì rọ̀. Omi nìkan kọ́ ló rọ̀ ọ́. Bakitéríà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, ló ṣe é.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ nínú ìfun ńlá. Èèpo ẹ̀wà àti okùn inú ẹ̀fọ́ tí inú kò lè dà ni bakitéríà ibẹ̀ ń jẹ, tí wọ́n sì ń sọ di ásíìdì kan tó ń jẹ́ butyrate. Òun ni awọ inú ìfun fi ń ṣagbára. Òun ló tún ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara, kí wọ́n má baà kọjú ìjà sí onílé.

Nínú àrùn Crohn àti ulcerative colitis, ìjà yẹn ti bẹ̀rẹ̀: ìfun á wú, á dá egbò, ìgbẹ́ á máa mú ẹ̀jẹ̀ wá. (Jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa pè é, wọ́n á sì lọ sọ́dọ̀ alágbo, bẹ́ẹ̀ àgbo tó ń mú èèyàn ṣu kò yẹ ìfun tó ti légbò.) Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Crohn, Faecalibacterium prausnitzii, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe butyrate jù, ti dín kù. Dídá a padà ló wá nira: afẹ́fẹ́ tí à ń mí ń pa á.

Ṣùgbọ́n àwọn ìtọ́jú kan wà tó ń fi bakitéríà wo ìfun, ọ̀kan tó ti pẹ́ nínú wọn sì wá láti ojú ogun. Ní 1917, dókítà ará Jámánì kan, Alfred Nissle, rí sójà kan tí ìgbẹ́ ọ̀rìn kò mú nígbà tó ń mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mú E. coli kan nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ di oògùn tí wọ́n ń pè ní Mutaflor. Àyẹ̀wò fi hàn pé bí ulcerative colitis bá ti rọlẹ̀, ó ń ṣèdíwọ́ fún ìpadàbọ̀ rẹ̀ tó bí mesalazine, oògùn tí àwọn dókítà sábà ń kọ.

Ọ̀nà kejì gbòòrò jù: wọ́n á yẹ ìgbẹ́ ẹni tó lera wò fínnífínní, wọ́n á sì gbé e sínú ìfun aláìsàn. Ó ti ran àwọn kan tó ní ulcerative colitis lọ́wọ́, àmọ́ oògùn méjì irú rẹ̀ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2022 àti 2023, ti àìsàn Clostridioides difficile (bakitéríà kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru) tó ń padà wá ni, kì í ṣe ti àrùn yìí.

Ṣé lafún kò wá lè ṣe é? Bakitéríà inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà tí ìfun ń wá, omi gbígbóná tí wọ́n fi ń rò ó sì ti pa púpọ̀ nínú wọn kí àmàlà tó dé abọ́.