Honeycrisp kì í ṣe GMO, ẹ jọ̀ọ́

Gbogbo September báyìí, tí ápù Honeycrisp bá ti ń wọ ọjà níbí ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, mo ti máa ń mọ̀ pé fọ́ìsì nóòtì yẹn ń bọ̀ lórí WhatsApp. Ohùn obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó ń sọ̀rọ̀ bíi ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, á ní ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣọ́ra o, ápù ńlá tó ń dún kàù lẹ́nu yẹn, inú lábù ni wọ́n ti ṣe é, GMO ni, ìyẹn ni pé wọ́n ti yí DNA inú ẹ̀ padà, àwọn míì tiẹ̀ máa ń fi kún un pé abẹ́rẹ́ ṣúgà ni wọ́n ń gún un tó fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí àbúrò ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ìbàdàn ló wà o, mi ò rò pé ó ti fojú kan Honeycrisp rí láyé ẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́ ṣúgà yẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ gún ọsàn kan lábẹ́rẹ́ nílé yín, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá sọ nǹkan tí ẹ bá níbẹ̀ fún mi.

Ápù GMO wà, mi ò jiyàn. Arctic lorúkọ ẹ̀, 2015 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa gbìn ín, nǹkan tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ ṣe é ni pé kó má máa dúdú tí wọ́n bá gé e. Nínú àkọsílẹ̀ oúnjẹ GMO tí USDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe, Arctic nìkan ni ápù tí ẹ máa rí níbẹ̀. Honeycrisp ní tiẹ̀, 1960 ni wọ́n ti mú lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó igi ápù kan lọ fi kan òdòdó igi míì ní University of Minnesota, iṣẹ́ tí oyin ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni, èèyàn ló kàn bá a ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Kóró tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n gbìn. Àwọn tó kọ́kọ́ gé DNA lẹ̀ mọ́ DNA míì, ó di 1970 sókè kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, igi yìí ti dúró nínú oko nígbà yẹn. Àwọn kan á wá ní ká wo sítíkà ara ẹ̀, pé tí nọ́mbà ẹ̀ bá fi 8 bẹ̀rẹ̀, GMO nìyẹn. Nọ́mbà ti Honeycrisp 3283 ni, tó bá jẹ́ organic wọ́n á fi 9 síwájú ẹ̀. Wọ́n ya 8 yẹn sọ́tọ̀ fún GMO nígbà kan lóòótọ́, àmọ́ wọn ò lò ó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá ń wá a á wá a tì.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Brooklyn Park, ẹ̀gbọ́n kan tó kàwé dáadáa yíjú sí mi, ó ní, "Àbúrò, tí kì í bá ṣe lábù, kí ló dé tí wọ́n fi purọ́ nípa àwọn òbí ẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbé ìrẹsì ẹnu mi mì ná."

Torí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìbéèrè yẹn, òun ló sì máa ń kó wàhálà bá mi jù. Nínú ìwé patent tí wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ igi yìí, wọ́n kọ ọ́ pé Macoun àti Honeygold, ápù méjì míì, ló bí i. Gbogbo èèyàn ń kà á bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta igi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, títí di òní ẹ ṣì máa rí i níbi kan. Ìgbà tó yá wọ́n fi DNA yẹ̀ ẹ́ wò, ó jáde pé kò sí èyí tó jẹ́ òbí ẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Keepsake, ápù Minnesota náà ni, lòbí kan. Òbí kejì? Ó kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kù. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn oní fọ́ìsì nóòtì rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀: ẹ ò rí i, ápù tí kò ní bàbá, lábù ni bàbá ẹ̀.

Ó di 2017 kí wọ́n tó tẹ ìdáhùn jáde. Igi kan tí wọn ò fún lórúkọ rí ni, MN1627 ni nọ́mbà ẹ̀, nínú oko ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà, wọn ò gbé e jáde tà rí. Àwọn òbí tiẹ̀ ni Duchess of Oldenburg, ápù àtijọ́ tó wá láti Rọ́ṣíà, àti Golden Delicious tí gbogbo wa mọ̀, yẹ́lò yẹn. Ìdílé pé. Kò sí àlejò kankan níbẹ̀.

Èmi ò rí bí àṣìṣe inú ìwé ṣe di ẹ̀rí lábù. Bàbá tèmi ní ọjọ́ ìbí méjì, ọ̀kan wà nínú pásípọ́ọ̀tù, kóòtù ni wọ́n ti lọ búra fún un, èkejì ni èyí tí ìyá wọn máa ń sọ, pé ọdún tí odò kún wọ ilé ni. Ọdún mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì. Ṣé ká wá tìtorí ìyẹn sọ pé inú lábù ni wọ́n ti ṣe bàbá mi ni? Ẹni tó bá ṣe nǹkan ní lábù gan-an, ìwé tiẹ̀ ló máa ń pé jù, torí ó gbọ́dọ̀ mọ nǹkan tó fi sí i, ibi tó ti mú un, àti ibi tó fi sí. Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín ọ̀pọ̀ ọmọ nínú oko ni ìwé ẹ̀ máa ń dàrú. Ẹ sì jẹ́ ká rántí pé wọ́n ti kọ igi yìí sílẹ̀ láti jù dànù lọ́dún 1977, òtútù ti bà á jẹ́, nọ́mbà MN1711 ló ń jẹ́ nígbà yẹn. David Bedford, onímọ̀ ápù ilé ẹ̀kọ́ yẹn tó débẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ló ní kí wọ́n fún un láyè díẹ̀ sí i. 1991 ni wọ́n gbé e jáde. Iṣẹ́ ìyanu lábù wo ni wọ́n ń jù sí ààtàn?

Ẹ̀gbọ́n yẹn ò dá mi lóhùn, ó kàn ní "hmm". Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó gbà.

Tí wọ́n bá fi ti lábù sílẹ̀, wọ́n á wá bọ́ sórí owó, pé tí nǹkan bá wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àṣírí kan wà níbẹ̀. Àṣírí ibẹ̀ ni pé igi yìí lágídí. Nǹkan tó ń jẹ́ kó dún kàù ni pé sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ tóbi ju ti ápù míì lọ, tí eyín bá kàn án ńṣe ló ń bẹ́ tí omi á tú jáde. Ó dáa. Àmọ́ calcium kì í dé inú èso yẹn tó, àmì kóńkókóńkó àwọ̀ ilẹ̀ á yọ lára ẹ̀, ó máa ń korò, bitter pit ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ á fọ́n calcium títí, kó ṣì tún yọ. Tí èso bá pọ̀ jù lórí igi, ó lè má so lọ́dún tó ń bọ̀, tí wọ́n bá sì dín in kù jù, èyí tó kù á tóbi jù, bitter pit á gbá a mú. Ewé ẹ̀ á máa di yẹ́lò bíi aláìsàn, kò sì sí àrùn kankan tó ń ṣe é. Wọn kì í ká a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí wọn kì í pọ́n pa pọ̀. Awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, ọrùn tó fi rọ̀ mọ́ ẹ̀ka sì le, ọ̀pọ̀ oko ló ń fi àlùmọ́gàjí gé ọrùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà gún ẹnì kejì ẹ̀ nínú àpótí, lọ́kọ̀ọ̀kan o, ẹ sì mọ owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Wọ́n ká a tán, kò tán. Tí wọ́n bá gbé e sínú yàrá tútù lójú ẹsẹ̀, awọ ẹ̀ lè jó bíi ìgbà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Bíi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n máa ń fi sí 10°C kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó jẹ́ bíi 3°C. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn náà ló tún máa ń jẹ́ kí bitter pit pọ̀ sí i. Lábù tó bá ṣe irú nǹkan báyìí, ó yẹ kó dá owó àwọn àgbẹ̀ padà.

Ti patent náà, ó ti parí ní Amẹ́ríkà láti 2008, ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí. Mi ò wá sọ pé gbogbo owó tí ṣọ́ọ̀bù ń gbà ló tọ́ o, orúkọ nìkan ń tajà, èmi náà sì ti rà á rí tó dà bíi pé mò ń jẹ omi. Washington ló ń gbìn ín jù báyìí, oòrùn ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Minnesota, ó lè jẹ́ ìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ nínú yàrá tútù kó tó dé ọwọ́ mi. Nǹkan tí mò ń sọ ò ju pé owó yẹn ní ìdí tí ẹ lè fojú rí.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí, torí mo ti ń rí i: àwọn kan ń ta kóró Honeycrisp lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dákun, ẹ má rà á. Ẹ mọ bí agbálùmọ̀ ṣe ń ṣe, ẹ jẹ èyí tó dùn bíi oyin, ẹ gbin kóró ẹ̀, ẹ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó wá so èyí tó kan. Ti ápù tún burú jùyẹn lọ, torí lẹ́búlẹ́bú igi míì ló máa ń fi so, kóró kọ̀ọ̀kan inú ẹ̀ ni ọmọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀ka Honeycrisp ni wọ́n ń gé so mọ́ ìdí igi ápù míì kó tó lè jẹ́ Honeycrisp. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tí wọ́n ń gbé igi ẹ̀ wá tà fún, òtútù gidi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni igi yìí ń fẹ́ lọ́dọọdún kó tó lè rúwé kó sì tanná dáadáa, ọyẹ́ Èkó ò tó o. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á náà, kó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi yẹn nítòsí ilẹ̀, ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ máa ń wú bíi kókó, tí ibẹ̀ bá jọ̀lọ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kóró ni wọ́n gbìn.