Bí Ẹ̀tọ́ Ìwọ́de Wọ́ọ́rọ́wọ́ àti Ẹ̀tọ́ Àtidá Ẹgbẹ́ Sílẹ̀ Ṣe Wọ Inú Òfin

Ẹ̀tọ́ láti ṣe ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ àti ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí a máa ń dárúkọ pọ̀ lónìí, kò wọ inú òfin lọ́jọ́ kan náà. Ara ìwé ẹ̀bẹ̀ ni èkíní ti yọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tí ìyà ń jẹ lè kọ̀wé sí ọba, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí yóò tẹ̀lé ìwé náà dé ààfin ni ó máa ń ba ọba lẹ́rù. Òfin ọdún 1661 fi èyí hàn kedere: bí ìwé ẹ̀bẹ̀ bá ń fẹ́ kí a yí ètò ìlú tàbí ti ìjọ padà, ènìyàn tó ju 20 lọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i láìgba àṣẹ, ènìyàn tó ju 10 lọ kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ fún ọba. Ní 1688, Ọba James Kejì gbé bíṣọ́ọ̀bù méje lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sí i. Ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ìtẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ ọba. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Òfin Ẹ̀tọ́ ti 1689 sọ pé ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ ọba, àti pé kò bófin mu láti fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀.

Síbẹ̀, orí kíkà kò dáwọ́ dúró. Òfin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1715 ní bí ènìyàn 12 bá kóra jọ lọ́nà tó lè dá rúgúdù sílẹ̀, tí aláṣẹ sì ka ìkéde sí wọn létí, ẹni tí kò bá tíì kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan lè fi ẹ̀mí dí i. Ní 1819, tí àwọn ẹlẹ́ṣin já wọ àárín àwọn tó péjọ ní Manchester láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò, tí wọ́n sì pa nínú wọn, èsì ilé aṣòfin ni pé wọ́n tún fi ìdè tuntun sí ìpàdé tí ènìyàn inú rẹ̀ bá ju 50 lọ.

Ẹgbẹ́ ni ìjọba tún bẹ̀rù jù. Èrò tó pé jọ yóò tú ká kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní àpò owó, ó ní òfin, ó sì ní ìpàdé mìíràn lọ́la. Àtúnṣe òfin Amẹ́ríkà ti 1791 dárúkọ ìkórajọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dárúkọ ẹgbẹ́. Lọ́dún náà gan-an ni ilẹ̀ Faransé fòfin de ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìkórajọ ará ìlú ló gbé àwọn tó ṣòfin ọ̀hún dórí àlééfà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú irú òfin bẹ́ẹ̀ kúrò ní 1824, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ ẹgbẹ́ kì í pàdánù òfin tí yóò lò. Ní abúlé Tolpuddle, àwọn alágbàṣe oko tí owó iṣẹ́ wọn lọ́sẹ̀ ti já láti ṣílè 9 sí 7, tí wọ́n sì ń gbọ́ pé yóò di 6, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń fi aṣọ di ojú ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, wọn a sì mú un búra níwájú àwòrán egungun òkú. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kò lòdì sófin mọ́, nítorí náà ìbúra yìí ni wọ́n gbá mú, wọ́n lo òfin 1797 tí wọ́n ṣe nítorí ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi, wọ́n sì lé ènìyàn mẹ́fà lọ sí Australia fún ọdún méje ní 1834. Ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwọ́de ńlá ní London ló mú kí wọ́n rí ìdáríjì gbà ní 1836. Níhìn-ín ni ẹ̀tọ́ kan ti gba èkejì sílẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo kà sí pàtàkì jù lọ wáyé ní 1882. Àwọn Ẹgbẹ́ Ológun Ìgbàlà máa ń fi orin àti ìlù wọ́de ní Weston-super-Mare, àwọn jàǹdùkú kan sì máa ń dènà dè wọ́n, ìjà a sì dé. Aláṣẹ ìlú ní kí àwọn onígbàgbọ́ má wọ́de mọ́. Wọ́n wọ́de, ilé ẹjọ́ kékeré sì dá wọn lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà, ó ní ẹni tó ń ṣe ohun tó bófin mu kì í di arúfin nítorí pé ó mọ̀ pé ẹlòmíràn lè torí rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀.

Ilẹ̀ Faransé gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láàyè ní 1884, ó sì gba ẹgbẹ́ gbogbo láàyè ní 1901. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 kó ẹ̀tọ́ méjèèjì sábẹ́ abala 20, ó sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́. Àdéhùn 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ti òṣèlú tún pín wọn sí abala 21 àti 22. Ní 2020, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó àdéhùn náà ṣàlàyé abala 21: ìwà ipá àwọn díẹ̀ kò sọ gbogbo èrò di oníwà ipá, ìkórajọ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà lábẹ́ ààbò, àti pé bí ará ìlú bá ní láti tọrọ àṣẹ kí wọ́n tó lè péjọ, ìyẹn ń jin ẹ̀tọ́ náà lẹ́sẹ̀.