Bí mẹ́kúrì ṣe ń gba inú ẹja dé ọpọlọ ọmọ inú oyún

Aláboyún tó ń ra ẹja ní ọjà Kado ní Àbújá lè ti gbọ́ pé kí ó sá fún ẹja nítorí mẹ́kúrì. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Irú ẹja àti bó ṣe tóbi tó ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè.

Irin tó ń ṣàn bí omi ni mẹ́kúrì. Níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ wa wúrà ní ìpínlẹ̀ Zamfara àti Niger, àwọn awakùsà máa ń dà á mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀, torí ó máa ń gbá wúrà mọ́ra. Wọ́n á wá sun ún níná: mẹ́kúrì á di èéfín, wúrà á ṣẹ́ kù. Èéfín yẹn kì í ṣègbé. Ó ń bọ̀ wá sórí ilẹ̀ àti sínú odò, gẹ́gẹ́ bí ti èédú inú ilẹ̀ (coal) tí wọ́n ń sun káàkiri ayé ṣe ń bọ́ sínú òkun. Nínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sọ ọ́ di methylmercury, èyí tí í wọ ẹran ara.

Ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́ láìmọye, gbogbo rẹ̀ á sì ṣù jọ sára ẹja ńlá. Ìdí nìyí tí ẹja àkùrákudà (shark) fi ní in ju títùs, sáwá, epìyà àti àrọ̀ lọ fíìfíì. Fífọ̀ tàbí yíyan kò lè yọ ọ́.

Ohun tó burú jù ń ṣẹlẹ̀ nínú ìyá. Methylmercury máa ń so mọ́ èròjà kan nínú ara, á wá jọ oúnjẹ tí ibi ọmọ ń kó fún ọmọ. Ibi ọmọ tó yẹ kó dènà rẹ̀ ló wá ń gbé e kọjá, débi pé èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ sábà máa ń pọ̀ ju ti ìyá. Lásìkò yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń rìn lọ sí ipò wọn. Mẹ́kúrì ń da ìrìn náà rú. Ní Minamata ní Japan, níbi tí àìsàn tí mẹ́kúrì inú ẹja ń fà ti hàn síta ní 1956, àwọn ìyá kan tí ara wọn dá ṣáṣá bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní erékùṣù Faroe ní àríwá òkun Atlantic, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran àbùùbùtán, wọ́n ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1986 sí 1987 nígbà tí wọ́n pé ọdún méje. Bí mẹ́kúrì tó dé bá wọn nínú oyún ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èdè, ìrántí àti ìfọkànsí wọn ṣe rẹ̀yìn tó.

Ó máa ń tó nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ kí ìdajì rẹ̀ tó jáde lára, nítorí náà ohun tí obìnrin jẹ kó tó lóyún wà nínú ìṣirò.

Síbẹ̀, ẹni tó bá pa ẹja tì pátápátá pàdánù ọ̀rá rere tó ń kọ́ ọpọlọ ọmọ. Ní Seychelles, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun India, àwọn ìyá tó ń jẹ ẹja òkun déédéé kò bí ọmọ tí àyẹ̀wò fi hàn kedere pé ó rẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn ìjọba Amẹ́ríkà fún aláboyún ni gíráàmù 227 sí 340 lọ́sẹ̀, nínú ẹja tí mẹ́kúrì rẹ̀ kéré. Títùs àti sáwá wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń sun wúrà nínú àgbàlá, ẹja kọ́ ni aláboyún yóò kọ́kọ́ sá fún. Èéfín tó ń fà símú náà ń gba ibi ọmọ kọjá.