Ààbò ológun: bó ṣe kan oko kòkó, ọjà àti ọ̀nà wa

Igi kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Èyí tó tètè ń so gan-an á gbà tó ọdún mẹ́ta, irú èyí tí àwọn baba wa ń gbìn sì lè tó ọdún márùn-ún kí àgbẹ̀ tó rí nǹkan gidi ká lórí ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbin kòkó lóko Ifẹ̀ tàbí lápá Àtàkúmọ̀sà lónìí ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé lọ́dún márùn-ún sí i, òun á ṣì máa wọ oko náà, ẹnikẹ́ni ò ní lé òun kúrò níbẹ̀, mọ́tò á sì rí ọ̀nà gbà kó ẹrù òun jáde. Bí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló máa gbìn, ohun tó lè tètè kó kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn olóṣèlú bá ń sọ lórí rédíò pé ààbò ológun ló ń ti ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè síwájú, ìbọn, tánkì àti ọkọ̀ òfuurufú ogun ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Nǹkan wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìdí tá a fi ń ra gbogbo wọn ni kí ẹni tó fẹ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ tó máa pẹ́ kó tó mérè wá lè dáwọ́ lé e láìfòyà.

Ààbò ológun ni agbára tí orílẹ̀-èdè ní láti fi ọmọ ogun ṣọ́ ilẹ̀, omi àti òfuurufú rẹ̀, kí ará ìta má fi ipá gbà á, kí ẹgbẹ́ agbébọn kankan má sì sọ ara rẹ̀ di ìjọba nínú ẹ̀. Ní Nàìjíríà, abala 217 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló ka iṣẹ́ àwọn ológun sílẹ̀: kí wọ́n gbèjà orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ọ̀tá tó bá ti òkèèrè wá, kí wọ́n ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀, kí wọ́n paná ọ̀tẹ̀, kí wọ́n sì ran ìjọba alágbádá lọ́wọ́ nígbà tí Ààrẹ bá pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ọlọ́pàá ló ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ àárín ìlú. Ìgbà tí apá ọlọ́pàá ò bá ká a ni à ń pe sójà, àlejò ni wọ́n sì jẹ́ lójú pópó wa. Mò ń bọ̀ wá sórí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí àlejò bá di onílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọdún 1870 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kó Iléṣà. Láyé ìgbà yẹn, ekukáká la fi máa rí ọmọ ogun tó tó ti Ìbàdàn nílẹ̀ Yorùbá. Tó bá jẹ́ agbára ogun nìkan ló ń mú ìlú dàgbà, ó yẹ kí gbogbo ìlú tó bọ́ sábẹ́ wọn máa gbèrú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń gba ohun tó wù wọ́n lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti ọlọ́jà, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi wọ́n. Ìnira yẹn wà lára ohun tó bí Èkìtì Parapọ̀, tí Fábùnmi Òkèmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ti Iléṣà fi kojú Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dún 1886, ó sì di 1893 kí ibùdó ogun tó tú ká.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí ọ̀nà là tán tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń pa dà lọ gbowó lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Òṣómàáló la mọ̀ wọ́n sí. Ìnáwó ń bẹ nínú òwò wọn, ìforítì sì ń bẹ níbẹ̀, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé òwò àwìn ò lè ṣeé ṣe lójú ogun. Ẹni tó gbé aṣọ fún onílé ní ìlú tó jìnnà, tí ò gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà, ti gbà pé ọ̀nà tí òun gbà wá, òun á tún gbà á lóṣù tó ń bọ̀, àti pé òun á bá onígbèsè náà nílé. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi owó òwò yẹn kọ́ sí Iléṣà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n fi rán níléèwé, orí ọ̀nà tó là yẹn ni wọ́n dúró lé.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá sórí góòlù. Góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, góòlù wà ní Zamfara. Lẹ́bàá Ìpẹ̀rìndó, níjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Àtàkúmọ̀sà, ni ibùwakùsà Ṣẹ̀gilọlá wà, ọdún 2021 sì ni góòlù àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ní Zamfara, ìjọba àpapọ̀ dá gbogbo iṣẹ́ ìwakùsà dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2019 nítorí àwọn agbébọn, ó sì di ìparí ọdún 2024 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Lọ́dún 2021 kan náà tí góòlù àkọ́kọ́ ń jáde lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n tún kéde pé ọkọ̀ òfuurufú ò gbọdọ̀ fò kọjá lókè Zamfara.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Ẹni tó fẹ́ da góòlù jáde lọ́nà tó bófin mu máa náwó fún ọdún bíi mélòó kan kó tó rí èrè kankan. Á wọn ilẹ̀, á gbẹ́ ẹ wò, á la ọ̀nà, á gbé ẹ̀rọ wá. Owó ẹlòmíì ló sábà máa ń fi ṣe é, ẹni tó sì fẹ́ yá a lówó á kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá wọn ò ní jí òṣìṣẹ́ gbé lójú ọ̀nà. Tí ìdáhùn ò bá dáa, owó náà ò ní wá, tàbí kó wá pẹ̀lú èlé tó máa jẹ èrè tán. Àwọn tó máa kù nídìí góòlù náà ni àwọn tí ò bẹ̀rù ìbọn torí pé ọwọ́ tiwọn gan-an ni ìbọn wà. Kòtò á pọ̀, góòlù á máa jáde, kò ní sí owó orí, kò ní sí iléèwé.

Mi ò wá sọ pé nǹkan dára tán nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà o. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ pọ̀ nínú igbó wa, omi odò Ọ̀ṣun sì ti pọ́n débi tí ojú kò fi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn dùn mí púpọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà àti àwọn tó ń ṣọ́ àyíká nìyẹn. Tí a bá kó sójà lọ síbẹ̀, wọ́n á lé àwọn awakùsà náà lọ lónìí, àwọn awakùsà á tún pa dà wá lọ́la.

Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí la fi ń wọn ààbò ológun, mi ò ní ka iye sójà tàbí iye owó tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Máa ní kí wọ́n bi àgbẹ̀ pé báwo ni ó ṣe lè jìn sí ìlú tó kí ẹ̀rù tó bà á. Ní Borno, níbi tí Boko Haram ti ń jà láti ọdún 2009, àwọn ológun ti lé wọn kúrò ní ọ̀pọ̀ ìlú. Lórí àwòrán ilẹ̀, ìjọba ló ni àwọn ìlú yẹn. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, àgbẹ̀ ò lè kọjá díẹ̀ sí ẹ̀yìn yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ẹnu ìkórè ìrẹsì ni wọ́n ti pa àwọn àgbẹ̀ ní Zabarmari, tí kò jìnnà sí Maiduguri rárá. Ogun tí a bá ṣẹ́ láìjẹ́ pé àgbẹ̀ lè pa dà sóko, ebi ló máa kù sílẹ̀ níbẹ̀, ebi yẹn á sì dé ọjà tiwa náà, torí pé láti Òkè Ọya ni ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátì wa ti ń wá.

Àlejò tó di onílé náà rèé. Ẹ fọkàn bá mọ́tò tòmátì kan rìn láti Òkè Ọya títí dé ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà. Ibi tí sójà ti dá awakọ̀ náà dúró lójú ọ̀nà kọjá ohun tí yóò kà sórí. Wọ́n fi igi dínà, wọ́n gbé táyà àtijọ́ sílẹ̀, ó rọra sún mọ́ wọn, ọmọ mọ́tò na ọwọ́ jáde, ohun tó wà nínú àtẹ́lẹ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì, wọ́n gbé igi. Ibòmíì kì í ṣe sójà rárá. Ẹlẹ́rù á fi gbogbo ẹ̀ kún owó agbọ̀n, alájàpá á fi kún iye àkójọ, èmi àti ẹ̀yin la máa san án nídìí ìkòkò. Nígbà míì, oòrùn ti sọ ìdajì agbọ̀n di omi kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n dín ìnáwó ọjà kù ti wá ń fi kún un. Ajẹ́lẹ̀ ni mo máa ń rántí tí mo bá rí irú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí sójà ní ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò, kí nǹkan míì sì wà tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwa ará Ifẹ̀ mọ èyí dunjú. Láàárín ọdún 1997 sí 2000, nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ibi tí wọ́n máa gbé olú iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ń san fún onílẹ̀, ti wà lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Ilé jó, oko kòkó di igbó, àwọn èèyàn kó ẹbí wọn lọ sí Ìbàdàn àti Òṣogbo. Agbófinró tó gbé ìbọn lè mú kí yíyìn ìbọn dáwọ́ dúró lóru ọjọ́ kan. Kò lè sọ ẹni tó ni ilẹ̀, kò lè sọ iye ìṣákọ́lẹ̀ tó tọ́. Ilé ẹjọ́, àwọn ọba, àwọn àgbààgbà àti ìjọba tó ń gbọ́ràn ló lè sọ ìyẹn. Àkókò ni ẹni tó gbé ìbọn lè rà fún wa, tí a bá sì fi àkókò náà ṣòfò, ó di dandan ká tún wá rà á.

Ojú míì wà tí ọ̀rọ̀ yìí ní, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Àwọn ológun máa ń ná owó sórí ìwádìí tí ará ìlú á jèrè ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà náwó sí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lọ́dún 1969, ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ̀. Ọwọ́ wọn náà ni GPS tí awakọ̀ fi ń mọ̀nà ti jáde. Àwa náà ní iléeṣẹ́ ohun ìjà tiwa ní Kàdúná láti ọdún 1964. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé láìsí ọmọ ogun ńlá, orílẹ̀-èdè ò lè dàgbà. Costa Rica tú ọmọ ogun rẹ̀ ká lọ́dún 1948, ó sì wà níbẹ̀ láàyè dòní. Ọ̀tá tó wà lẹ́nu ọ̀nà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye tó yẹ kó ná.

Ọ̀tá tiwa níhìn-ín, inú igbó ló wà. Àwọn ajínigbé ti dá arìnrìn-àjò lọ́nà rí lójú títì Ifẹ̀ sí Ìbàdàn àti Iléṣà sí Àkúrẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fi í fẹ́ gbéra lálẹ́ mọ́. Ohun tó bí Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá, lóṣù kìíní ọdún 2020 nìyẹn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ rí ipa ẹsẹ̀ àjèjì nínú igbó, kì í ṣe sójà tí wọ́n gbé wá láti ìpínlẹ̀ míì. Àmọ́ abala 214 nínú ìwé òfin 1999 kọ ọ́ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló máa wà ní gbogbo Nàìjíríà. Òun ló fa àríyànjiyàn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú lásán ni, kó wo ojú títì wa: níwọ̀n ìgbà tí ọlọ́pàá ò bá tó, tí ẹni tó mọ igbó ò sì ní agbára òfin tó láti ṣọ́ ọ, sójà la ó máa pè sí iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, wọn ò sì ní ráyè lọ sí ẹnubodè tí òfin rán wọn lọ.